‘Pẹ̀lẹ́’ Yàtọ̀ sí ‘Mo Jẹ̀bi’

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Nítorí ìdí èyí ni àwọn àgbà fi máa ń yẹ ọ̀rọ̀ wò tinú-tòde kí wọ́n tó sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò gùn, tí kò sì le, tí ọmọdé tí kò tíì mọ ìwé kà pàápàá ti mọ̀ ọ́n sọ. Ọ̀rọ̀ náà ni ‘sorry’. Ní ilé, ní ọjà, nínú ọkọ̀ àti ní kíláàsì, ẹnu kò sinmi lórí rẹ̀. Síbẹ̀, bí ó ti kéré tó, ó ti di ohun tí ìjọba ńlá méjì ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ rí, ó sì ti dá àríyànjiyàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ sílẹ̀ ní odidi orílẹ̀-èdè kan. Kí ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré yìí?

Bí a bá tú u wò, a ó rí i pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Bí ènìyàn bá tẹ ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ‘sorry’ ni yóò wí. Ẹ̀bẹ̀ ni èyí. Bí ó bá gbọ́ pé ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú, ‘sorry’ náà ni. Ìbánikẹ́dùn ni èyí. Bí ó bá rí ẹni tí ìyà ń jẹ, ‘sorry’ ni yóò fi sọ pé àánú rẹ̀ ṣe òun. Bí ó bá ra ọjà tí kò dára, ‘sorry’ ni yóò fi sọ àbámọ̀ rẹ̀. Bí kò bá gbọ́ ohun tí a sọ, ‘sorry’ ni yóò fi ní kí a tún un sọ. Bí kò bá fẹ́ fún ni ní ohun tí a tọrọ, ‘sorry’ ni yóò fi kọ̀. Àwọn onímọ̀ èdè fi yé ni pé ọ̀rọ̀ yìí bá ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe egbò àti ojú ibi tí ó ń dunni tan. Ìrora ni gbòǹgbò rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ ń wí pé ó dun òun. Kò tíì sọ ẹni tí ó dá ọgbẹ́ náà.

Ibi tí ìṣòro ti wọ̀ ọ́ nìyí. Ẹni tí ó bẹ̀bẹ̀ gbà pé òun ṣẹ̀. Ẹni tí ó báni kẹ́dùn kò gba ohun kan bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wù kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, bí ó bá rí ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ kọ, yóò sọ pé ‘sorry’, nítorí pé ‘pẹ̀lẹ́’ ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Òyìnbó lè dáhùn pé, “Kì í ṣe ìwọ ni o fà á.” Ọ̀kan ń kí ẹlòmíràn kú ewu, èkejì ń wá ọ̀daràn.

Ẹ̀rín ni èyí ń pa ni, ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà a máa kọjá ẹ̀rín. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2001, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà kan tí ó ń ṣe amí forí sọ ọkọ̀ òfurufú ológun ilẹ̀ Ṣáínà kan lójú òfurufú. Wang Wei, awakọ̀ ti Ṣáínà, kú. Ti Amẹ́ríkà sì sáré balẹ̀ sí erékùṣù Hainan tí í ṣe ti Ṣáínà láìgba àṣẹ. Wọ́n dá àwọn ènìyàn 24 tí ó wà nínú rẹ̀ dúró. Ṣáínà ní àfi kí Amẹ́ríkà bẹ̀bẹ̀. Amẹ́ríkà ní òun kò ṣẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, aṣojú Amẹ́ríkà, Joseph Prueher, kọ ìwé kan tí ọ̀rọ̀ ‘sorry’ jẹyọ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ó jẹyọ lórí ikú awakọ̀ náà, ó sì tún jẹyọ lórí pé ọkọ̀ wọn balẹ̀ láìgba àṣẹ. Ṣáínà kà á sí ẹ̀bẹ̀. Amẹ́ríkà ní ìbánikẹ́dùn lásán ni. Wọ́n sì tú àwọn ènìyàn náà sílẹ̀. Òtítọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà paná ìjà. Ṣùgbọ́n èwo nínú ‘sorry’ méjèèjì ni a fún ìdílé Wang Wei?

Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, òdìkejì èyí ni ó ṣẹlẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di nǹkan bí ọdún 1970, ìjọba ibẹ̀ a máa fi ipá gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, kí wọ́n lè tọ́ wọn ní ìlànà òyìnbó. Ní ọdún 1997, ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ọ̀ràn náà dábàá pé kí ìjọba tọrọ àforíjì. Olórí ìjọba ìgbà náà, John Howard, kọ̀. Ó ní àwọn ènìyàn òde òní kò gbọdọ̀ ru ẹ̀bi àwọn tí ó ti kọjá. Ní ọdún 1999 ó gbà láti sọ pé ó dun àwọn, ṣùgbọ́n kò lo ‘sorry’. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì ọdún 2008 ni Kevin Rudd tó dìde ní ilé aṣòfin tí ó sì sọ ọ́. Ní ti Hainan, a lo ọ̀rọ̀ náà nítorí pé ènìyàn lè fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀; ní ti Ọsirélíà, a sá fún un nítorí ìbẹ̀rù pé yóò tú ẹni fó.

Ìbẹ̀rù yìí náà ni ó mú kí òfin kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2006 sọ pé bí ènìyàn bá tọrọ àforíjì, èyí nìkan kò tó láti fi dá a lẹ́bi àìbìkítà. Ẹ wo bí ọ̀ràn ti rí: òfin ni ó ń gba ènìyàn níyànjú kí ó má ṣe bẹ̀rù àtibẹ̀bẹ̀!

Àwọn baba wa pín in sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. ‘Pẹ̀lẹ́’ ni fún ẹni tí ó fara pa, ‘ẹ kú ará fẹ́ra kù’ ni fún ọlọ́fọ̀, ‘àánú rẹ ṣe mí’ ni fún ẹni tí ìyà ń jẹ, ‘má bínú’ sì ni fún ẹni tí a ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tìtorí èyí gbéra ga. ‘Má bínú’ pàápàá ní ibi ìsápamọ́ tirẹ̀: kò sọ ohun tí a ṣe, ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó sì gbé iṣẹ́ fún, pé kí ó pa ìbínú rẹ̀. Lóde òní, ‘sọ́rì’ ti gba ipò gbogbo wọn lẹ́nu àwọn ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo olùkọ́ kan tí ó na ọmọ kan ní kíláàsì nítorí bírò tí ó sọnù. Nígbà tí ó ṣe, a rí bírò náà nínú àpò ẹni tí ó ni ín. Olùkọ́ sọ pé ‘sọ́rì’, ó sì kọjú sí pátákó. Èwo ni ó sọ? Bí ó bá jẹ́ ‘pẹ̀lẹ́’ ni, ara ọmọ náà lè balẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì jẹ́ olè lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ojú pàṣán yóò jinná. Orúkọ tí a bà jẹ́ kì í dá jinná. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó lè wò ó sàn: “Ọmọ yìí kò jalè, èmi ni mo ṣìṣe.”

Àwọn kan yóò wí pé àgbà kì í bẹ ọmọdé, pé ọ̀wọ̀ olùkọ́ yóò dínkù. Ṣùgbọ́n ìwà tí ọmọ bá rí ni yóò hù. Bí olùkọ́ bá fi ẹ̀bi rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ aláwọ̀ méjì, àwọn ọmọ náà yóò kọ́ ọ. Ẹni tí ó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ‘pẹ̀lẹ́’ du ọmọnìkejì rẹ̀ nítorí pé kì í ṣe òun ni ó ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi ‘pẹ̀lẹ́’ bo ohun tí òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.