Ta Ni Ẹnu-Ọ̀nà Igbó Ṣí Sílẹ̀ Fún?

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2017, 1,500 dọ́là ni àlejò òkè òkun tó bá fẹ́ rí ìnàkí orí òkè ní Rwanda ń san. Wákàtí kan péré ni owó náà wà fún. Bí wákàtí bá ti pé, ẹni tó mú àwọn àlejò wọgbó yóò ní ó tó, gbogbo wọn yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Owó hòtẹ́ẹ̀lì lọ́tọ̀, ti ọkọ̀ lọ́tọ̀. Ìlọ́po méjì iye ti tẹ́lẹ̀ ni ìjọba ibẹ̀ sọ ọ́ dà, kí èrò má baà pọ̀ lápọ̀jù, kí owó má sì dín. Wọ́n tún fi kún ìpín àwọn ìlú tó yí igbó náà ká nínú owó tó ń wọlé, láti ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2018, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, kéde pé ewu ìparun tó wà lórí ìnàkí náà ti rọ̀ ní ìpele kan. Iye wọn ti lé lẹ́gbẹ̀rún kan.

Bí ìròyìn yìí bá dé Ẹ̀rìn-Ilé lẹ́bàá Ọ̀fà ní Kwara, kò ní pẹ́ kí ẹnìkan tó béèrè pé: ọdẹ tó ń gbé nísàlẹ̀ òkè náà ńkọ́? Ẹran ìgbẹ́ tí ojú èèyàn mọ̀ lápá ibí ni ọ̀yà tí ọdẹ di nírù mú lẹ́bàá títì, tó ń fì í han ọlọ́kọ̀. Owó rẹ̀ ló sì máa ń di owó ilé-ìwé ọmọ. Wọ́n ti ní kí irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ jáde nínú igbó tí baba rẹ̀ ń dẹ, àlejò tó wọ bàálù wá ni wọ́n wá ń ṣí i fún.

Ìbéèrè yìí ju ti ọrọ̀ ajé lọ. Ó kan ohun tí ẹ̀sìn ń pè ní ẹ̀tọ́, ó sì kan ará Kwara gbọ̀ngbọ̀n, torí apá kan igbó ọba Kainji, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1979, wà ní agbègbè Kaiama. Igbó náà fẹ̀ tó 5,340 kìlómítà níbùú lóròó. Òun àti Yankari ní Bauchi nìkan ni a ṣì mọ̀ pé kìnnìún kù sí ní Nàìjíríà.

Àwọn ààfáà ní ìtàn kan tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu, ó wà nínú àkójọ hadíìsì Bukhari. Sayyidina Umar, Kálífà kejì lẹ́yìn Ànábì Muhammad, ní pápá kan tí ìjọba dá sí; himā ni wọ́n ń pè é. Ó fi Hunayy, ẹrú rẹ̀ tó ti sọ di òmìnira, ṣe alábòójútó rẹ̀. Ó pàṣẹ fún un pé kí ó jẹ́ kí ẹni tó ní ràkúnmí díẹ̀ àti àgùntàn díẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra fún ẹran Abdurrahman ọmọ Awf àti ti Uthman ọmọ Affan. Olówó Mẹ́dínà làwọn méjèèjì, sàhábà ńlá sì ni wọ́n. Àlàyé Umar kò lọ́jú pọ̀: bí ẹran wọn bá kú, wọ́n ní oko àti ọgbà dàbínù tí wọn yóò padà sí. Bí ti tálákà bá kú, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò wá dúró níwájú Kálífà, wúrà àti fàdákà ìjọba ni wọn yóò sì fi gbọ́ bùkátà wọn.

Sàfárì, ìyẹn ìrìn-àjò ìwòran ẹranko, tó jẹ́ ti olówó ńlá dojú àṣẹ yìí délẹ̀: olówó wọlé, tálákà dúró síta. Síbẹ̀, kò yẹ kí a yára dá a lẹ́bi. Ẹran Uthman yóò jẹ koríko. Àwòrán nìkan ni ẹni tó wá wo ìnàkí ń mú lọ. Èèyàn mẹ́jọ tó san owó gọbọi kò ní da igbó láàmú tó ọgọ́rùn-ún èèyàn tó san táṣẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó wọlé nìkan ni Umar wò, ó tún wo orí ẹni tí àdánù yóò já lé.

Àdánù ọ̀hún sì wà lóòótọ́. Erin Yankari máa ń jáde nígbà òjò, wọ́n á wọ oko olóko. Òru ọjọ́ kan tó fún wọn láti jẹ oko tí àgbẹ̀ fi oṣù mélòó kan ro. Dọ́là àlejò kò ní dé ọwọ́ olóko yẹn, àyàfi tí ìpín tirẹ̀ bá ti wà lákọsílẹ̀.

Owó àlejò pàápàá kò ṣeé gbójú lé pátápátá. Ní 2017, ìjọba orílẹ̀-èdè Benin fa igbó Pendjari lé African Parks, àjọ tó ń bójú tó igbó ẹranko, lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Ibẹ̀ àti àwọn igbó tó so pọ̀ mọ́ ọn títí dé Burkina Faso àti Niger ni èyí tó pọ̀ jù nínú kìnnìún àti erin tó ṣẹ́kù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà. Ìrètí ni pé àlejò yóò máa rọ́ wá. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún 2019, àwọn agbébọn jí ará Faransé méjì gbé níbẹ̀, wọ́n sì pa ọmọ Benin tó ń mú wọn kiri. Ìjọba Faransé kìlọ̀ fáwọn èèyàn rẹ̀ kí wọ́n má lọ síbẹ̀ mọ́.

Bó bá jẹ́ owó ìwòran nìkan ni ìdí tí kìnnìún fi gbọ́dọ̀ wà láàyè, ìdí náà ti tán lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó kò kúrò. Owó ìjọba àti ti olùrànlọ́wọ́ òkè òkun ló ń gbé iṣẹ́ náà. Ní oṣù kejì 2022, àwọn agbébọn pa àwọn ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu iṣẹ́ nínú igbó tí wọ́n ń pè ní W tó wà nítòsí.

Ìdí mìíràn wà nígbà náà, ẹ̀sìn sì ti sọ ọ́ tipẹ́. Hadíìsì sọ ti obìnrin tó wọ iná nítorí ológbò: ó tì í mọ́lé, kò fún un lóúnjẹ, kò sì jẹ́ kó lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ. Ológbò yẹn kò pa kọ́bọ̀ wọlé fún ẹnikẹ́ni. Nínú Jẹ́nẹ́sísì, Ọlọ́run ti wo àwọn ẹranko, ó ti rí i pé wọ́n dára, kó tó dá èèyàn rárá. Ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi kún ogún àgbáyé ní 2005, èèwọ̀ ni ọdẹ, èèwọ̀ ni ẹja pípa. Àlejò ń sanwó ẹnu-ọ̀nà níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ti wà kí tíkẹ́ẹ̀tì tó dé.

Iṣẹ́ owó àlejò kò ju kó ran irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ láti dá ẹranko sí lọ́wọ́. Lónìí, àwọn agbébọn ti sọ apá kan igbó Kainji di ibùba. Lọ́jọ́ tí àlàáfíà bá padà, tí oníṣòwò kan sì wá fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá síbẹ̀, ìwé àdéhùn ló yẹ kó ṣáájú búlọ́ọ̀kù: èló ni yóò kan àwọn abúlé Kaiama, ta ni yóò san owó oko tí ẹranko bá jẹ, ọdẹ mélòó ni wọn yóò gbà ṣe ẹ̀ṣọ́, níbo sì ni owó oṣù wọn yóò ti wá lọ́dún tí àlejò kankan kò bá dé.