Ẹlẹ́rìí Tí Kò Lè Fọhùn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ará Ìbàdàn máa ń sọ bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan gbé ajá rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a ní, "Èèyàn ò tíì rí owó ra oògùn ibà, ajá ń gba abẹ́rẹ́!" Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè wà nínú rẹ̀, ìbéèrè náà sì yẹ ní dídáhùn. Bí a bá dúró lórí òkè Mápó, níbi tí gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929 wà, tí a wo ìsàlẹ̀ sí ìhà Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrunká, òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà ni a ó máa rí lọ títí tí ojú kò fi ní tó o mọ́. Lábẹ́ àwọn òrùlé wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ń ṣírò owó ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, kí ni a ó pe iṣẹ́ oníṣègùn ẹranko? Ṣé àánú ni, àbí afẹ́?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ti rí. Kì í ṣe àlejò ní Ìbàdàn. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn oníṣègùn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ẹranko wà níbẹ̀, ti ìjọba ìpínlẹ̀ sì wà ní Mọ́kọ́lá. Ẹni tí ó ń gbé àárín ìlú àtijọ́, tí ajá rẹ̀ kò jẹun mọ́, lè kọrí sí ọ̀kan nínú wọn tàbí kí ó wá dókítà aládàáni lọ. Wọ́n á fi okùn di ajá lẹ́nu, ọmọkùnrin kan á gbé e mọ́ àyà lẹ́yìn ọ̀kadà. Bí wọ́n bá dé, dókítà á béèrè ohun tí ó ṣe ajá. Ajá kò ní dáhùn. Ẹni tí ó ni ín ni yóò dáhùn, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí ó mọ̀ ni yóò sọ. Yóò ní àná ni ó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó ti di ọjọ́ karùn-ún. Kò ní sọ pé àwọn ti fún un ní oògùn èèyàn, kò sì ní sọ pé àwọn ti rọ epo pupa sí i lọ́fun. Nítorí náà, dókítà á fọwọ́ tẹ ikùn ajá, á wo èrìgì rẹ̀ bóyá ó ti funfun, á wá eégbọn nínú etí rẹ̀, á wọn ooru ara rẹ̀. Ooru ara ajá tí kò ní àrùn máa ń lé ní 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì lè tó 39, èyí tí à bá pè ní ibà lára èèyàn. Ara ajá ni ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ.

Àwọn bàbá wa mọ bí a ṣe ń fi ajá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ nínú sí aládùúgbò rẹ̀ a sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la, a sì máa fi ohùn òkè pè é létí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ajá ń bá wa gbé ọ̀rọ̀ tiwa kiri àdúgbò. Ta ni yóò bá ajá gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀?

Ìdáhùn àkọ́kọ́ sí ìbéèrè àwọn ará Ìbàdàn wà nínú àrùn dìgbòlugi. Itọ́ ajá tí ó ní àrùn náà ni ó ń gbé e wọ ojú ọgbẹ́, láti ibẹ̀ ni yóò ti máa rìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé inú ọpọlọ. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára èèyàn, ikú ni ó ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tí ó yè é káàkiri ayé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí a bá tètè fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, tí a sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kí àmì tó hàn, ẹ̀mí kò ní bọ́. Láti ọdún 1885, tí Louis Pasteur fi irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ gba ọmọdé kan là ní ilẹ̀ Faransé, ni a ti mọ̀ pé ọ̀nà wà. Síbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dún, tí ó sì jẹ́ pé ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà ni ó ti ń pa wọ́n jù. Nínú 100 èèyàn tí ó bá mú, nǹkan bí 99 ni ó jẹ́ pé ajá ni ó kó o ràn wọ́n. Bí a bá sì gún ajá 70 nínú 100 ní abẹ́rẹ́ ní ìlú kan, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà gbà mọ́.

Ẹ wá wo agboolé kan ní Bẹyẹrunká. Kò ní ọgbà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ń kọjú sí ti èkejì. Ẹnì kan ni ó ni ajá, ṣùgbọ́n gbogbo agboolé ni ajá ń bá gbé. Ọmọ ilé kejì ni ó ń ju egungun fún un, ọmọ ilé kẹta ni ó ń fà á nírù. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá gún ajá yìí, gbogbo àwọn ọmọ náà ni wọ́n gún un fún. Bí ajá bá sì bu ọmọ jẹ, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwọn àgbà ni pé kí wọ́n pa á. Dókítà á ní kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tirẹ̀ lọ́gán, kí wọ́n sì so ajá mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ 10. Àwọn èèyàn á rò pé ajá ni ó ń gbèjà. Ọmọ ni ó ń gbèjà. Bí àrùn bá wà nínú itọ́ ajá ní ọjọ́ tí ó bu ọmọ jẹ, kò ní ju ọjọ́ 10 lọ tí yóò fi hàn lára rẹ̀. Ẹni tí ó pa ajá náà lójú ẹsẹ̀, tí ó ju òkú rẹ̀ sí ààtàn, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ náà ní ni ó pa.

Ìdáhùn yìí dára, ṣùgbọ́n kò tó. Bí ó bá jẹ́ nítorí ọmọ nìkan ni a ṣe ń tọ́jú ajá, a jẹ́ pé ọgbà ni ajá jẹ́ yí èèyàn ká. Bí ọgbà bá ti dúró, ọ̀rọ̀ parí. Kí ni dókítà ń wá nígbà náà nídìí ajá arúgbó tí mọ́tò tẹ̀ lẹ́sẹ̀? Ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́ kì í ran ẹnikẹ́ni. Àwọn kan á fèsì pé àwọn òyìnbó fẹ́ràn ajá, pé ọ̀làjú nìyẹn. Èsì náà kò wúlò fún wa. Ní ilẹ̀ wa, ajá ni a fi ń bọ Ògún. Àwọn kan ń jẹ ẹ́. Àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní Ìbàdàn, kì í fẹ́ kí itọ́ rẹ̀ kan aṣọ ìrun wọn. Kò sí ìdí tí a ó fi di ẹni tí ń fẹnu ko ajá lẹ́nu kí a tó lè ṣe ohun tí ó tọ́ sí i.

Èrò tèmi ni pé gbèsè ni ọ̀rọ̀ náà. Ajá tí a kò so mọ́lẹ̀ ń wá oúnjẹ fúnra rẹ̀. Bí inú bá ń run ún, a jẹ koríko, a bì í. Bí oòrùn bá mú, a wá ibòji. Ìwọ̀nba ìṣègùn tí ó mọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. Ní ọjọ́ tí a so okùn mọ́ ọn lọ́rùn kí ó lè máa ṣọ́ ọjà wa ní Ọjà'ba, a ti gba ìṣègùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó gba nǹkan ẹlòmíràn sì ti jẹ ẹ́ ní gbèsè. Gbèsè yìí yàtọ̀ sí òmíràn nítorí pé ẹni tí a jẹ kò lè béèrè. Láyé àtijọ́, bí a bá jẹ gbèsè tí a kò san, ológò á wá jókòó ti ẹnu ọ̀nà wa, kò ní jẹ́ kí a gbádùn. Ajá kò ní ológò.

Gbèsè tí kò ní ológò yìí ń dán dókítà fúnra rẹ̀ wò. Abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, irú bí ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ní Vom lẹ́bàá Jos, tí ó ti wà láti ọdún 1924, títí di ìgbà tí yóò wọ ara ajá. Ká ní iná mọ̀nàmọ́ná lọ fún ọjọ́ méjì, epo jẹnẹrétọ̀ tán, yìnyín inú kúlà yọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, kò sí ohun tí ó yí padà nínú ìgò oògùn tí ojú lè rí. Oníbàárà sì ti dé pẹ̀lú ajá mẹ́ta. Bí dókítà bá gún wọn, ajá kò ní mọ̀, oníbàárà kò ní mọ̀, owó á wọlé, yóò buwọ́ lu káàdì. Bí ó bá da oògùn náà nù, òun nìkan ni àdánù bá. Níbi tí ẹlẹ́rìí kò ti lè fọhùn, ìwà nìkan ni ó kù tí ó lè jẹ́rìí. Káàdì irọ́ sì burú ju àìní káàdì lọ: ẹni tí kò ní káàdì ṣì ń ṣọ́ra; ẹni tí ó ní káàdì irọ́ ti fọkàn balẹ̀, ó ti lọ sùn.

Ti àìrówósan ni ó wá le jù. Ọmọ ajá kan ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Omi tí a ó máa fà sí i lára fún ọjọ́ mélòó kan lè ná ẹni tí ó ni ín ju iye tí ó fi rà á lọ, owó náà kò sì sí. Dókítà kò lè san gbèsè gbogbo ìlú. Bí ó bá gbìyànjú rẹ̀, kò ní pẹ́ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ kọ̀: kí ó sọ òtítọ́ bí àrùn ti le tó, kí ó dín ìrora kù, kí ó sì ṣe é tí ẹran aláìsàn kò fi ní ti ilé ìwòsàn dé inú ìkòkò ọbẹ̀. Bí ìwòsàn kò bá sí mọ́, ikú tí kò ní ìrora ni ó kù nínú gbèsè náà. Àwọn kan á ní Ọlọ́run ni ó ni ẹ̀mí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń pa àgbò nítorí ìkómọ, kò yẹ kí ó jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo tí ikú yóò ṣe ẹran fúnra rẹ̀ láǹfààní ni a ó wá rántí ẹni tí ó ni ẹ̀mí. Ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù ni kí ẹni tí ajá rẹ̀ ti darúgbó wá fi orúkọ àánú bo ìsúni mọ́lẹ̀. Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ fún un pé rárá.

Nítorí náà, kì í ṣe àánú, kì í sì í ṣe afẹ́. Yorùbá ní ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ọmọ ọwọ́ tí ń sunkún lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ náà kò lè sọ ibi tí ń dùn ún, a kò sì retí kí ó béèrè kí a tó tọ́jú rẹ̀. Kò yẹ kí oògùn ibà wọ́n ọmọ náà, ọ̀rọ̀ ìjọba àti ọ̀rọ̀ gbogbo wa sì nìyẹn. Ajá kọ́ ni ó gbà á mu. Àní ilé ìtajà tí a ti ń ra oògùn ibà náà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ajá tí a so mọ́lẹ̀ ni ó ṣọ́ ọ mọ́jú.