Bí A Bá Mú Ẹ̀rọ Sáré Ju Bó Ṣe Yẹ, Ọrùn Ta Ni Ẹrù Wà?

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn gbà ju ohun tí a kọ sí ara ẹ̀rọ lọ lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà? Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ẹ̀rọ kò ní ẹ̀mí, kò sì sí ẹni tí yóò pè wá lẹ́jọ́ lórí irin àti wáyà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ẹni tí ó bá tan kọ̀ǹpútà orí tábìlì, tí ó sì ń tẹ bọ́tìnnì Delete léraléra kí Windows tó jí, á bá ara rẹ̀ nínú BIOS, níbi tí motherboard ti ń gba àṣẹ. Ìlù ni ọ̀rọ̀ náà jọ lójú tèmi. Motherboard ń lu ìlù kan, ó sábà máa ń jẹ́ mílíọ̀nù 100 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. CPU, tí í ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ, á sì gbé ẹsẹ̀ 45, àbí 50, sí ìlù kọ̀ọ̀kan. Bí o bá fẹ́ kí ijó yá sí i, o lè fi kún ẹsẹ̀, o sì lè yára ìlù fúnra rẹ̀. Bí oníjó bá wá ń kọsẹ̀, wàá fún un ní oúnjẹ sí i, ìyẹn fóltéèjì. Ohun tí wọ́n ń pè ní overclocking kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ńbà tí a kọ sára ọjà kì í sì í ṣe gbogbo òótọ́ nípa ọjà náà. Ní ọdún 1998, Intel gbé CPU olówó pọ́ọ́kú kan jáde, Celeron 300A. Ìlù 66 ni wọ́n ṣe é fún, ó ń gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin ààbọ̀ sí i, ó di 300. Àwọn ọmọ aráyé fi sórí ìlù 100, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì sáré 450 láìjanpata, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Pentium II olówó ńlá dọ́gba. Ta ni wọ́n jà lólè? N kò rí ẹnì kan.

Nítorí náà, èmi kò ka nọ́ńbà náà sí òfin. Ìlérí ni mo kà á sí. Ẹni tó ṣe ọjà ń wí pé, "Dúró síbí, bó bá bàjẹ́, ọrùn mi ló wà." Ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ ti gbé ẹrù náà kúrò lọ́rùn onílé iṣẹ́ sí ọrùn ara rẹ̀, gáráńtì sì lè lọ níbẹ̀. Ẹrù náà kò sì fúyẹ́. Bí o bá fi ìdá 10 nínú 100 kún ìyára, tí o gbé fóltéèjì láti 1.20 lọ sí 1.35 kí ó lè rù ú, iná tí CPU ń jẹ lẹ́nu iṣẹ́ á fi bí ìdá 40 nínú 100 lé sí i, torí pé a máa ń sọ fóltéèjì di ìlọ́po ara rẹ̀ nínú ìṣirò ọ̀hún. Ooru ni gbogbo rẹ̀ ń dà. Ẹ wá rò ó wò nínú yàrá kan ní Ìbàdàn lóṣù kẹta, tí eruku ọyẹ́ ṣì wà lẹ́nu fáànù.

Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò tàn mọ́, kò burú. A ó yọ bátìrì kékeré ara motherboard, BIOS á gbàgbé gbogbo ohun tí a kọ́ ọ. Bó bá kú láìtọ́jọ́, owó ẹni ló bá a lọ. Èyí tí ń bà mí lẹ́rù ni àṣìṣe tí kì í pariwo. RAM tí a mú sáré jù lè gbé nǹkan kan sódì, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò sì ní ohun tí yóò ṣọ́ ọ. Nọ́ńbà kan á yí padà nínú ìwé ìṣirò, a ó tọ́jú rẹ̀ pamọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

Ibí yìí ni mo ti bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo mọ̀ jiyàn. Fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú ni ó ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì ń tẹ ìwé àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo ní, "Ẹ̀rọ ni tìrẹ, ìsìnkú bàbá onítọ̀hún kì í ṣe tìrẹ." Ó dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn náà ló ń pariwo pé kí n yára!" Ẹ ò rí nǹkan? Wọ́n bèèrè ìyára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ iye tó ń ná wọn fún wọn.

Ó sì tún fi ọ̀rọ̀ kan gún mi nígbèésẹ̀: kí ni ti ẹni tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan? Ní 2024, àwọn CPU Intel kan, ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá, ń dákú lọ́wọ́ àwọn olówó wọn. Intel gbà pé fóltéèjì tó ga jù wà nínú ọ̀ràn náà, wọ́n fi àtúnṣe ránṣẹ́ nípasẹ̀ BIOS, wọ́n sì fi ọdún méjì kún gáráńtì. Ṣáájú ìyẹn, a ti rí i pé motherboard mìíràn ń ti ilé wá pẹ̀lú ètò tó kọjá ohun tí Intel là sílẹ̀. Olówó ẹ̀rọ rò pé inú ìlérí lòun wà. Lójú mi, ìyẹn burú ju ti ọmọkùnrin yìí lọ. Òun ó kéré tán mọ ohun tó fọwọ́ fà.

Ibi tí a bọ́rọ̀ dé ni pé kí ó fi MemTest86 àti Prime95 dán ẹ̀rọ náà wò láti alẹ́ mọ́júmọ́, kí ó sì máa sọ fún oníbàárà kí ó tó gba iṣẹ́. Ó gba ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì, ó ní bí òun bá sọ ọ́, ṣọ́ọ̀bù kejì ni wọn yóò gbé iṣẹ́ lọ, níbi tí ẹ̀rọ ti ń sáré jù tòun lọ tí ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ nǹkan kan.