Gbogbo Ènìyàn Ni A Pè

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà. Bí èèyàn bá pe gbogbo ayé síbì kan, tó sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ò retí kí gbogbo ayé wá, ṣé ìpè nìyẹn àbí irọ́? Mo mọ̀ pé ẹlòmíì nínú yín á ní ìbéèrè yìí ti rọrùn jù. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo pátákó ìkéde tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìkàwé wa. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí bébà tuntun kì í gorí bébà àtijọ́. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, eré orí ìtàgé lọ́jọ́ Ẹtì, ìpàtẹ àwòrán, alẹ́ ewì, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọ̀fẹ́ fún àwọn ará àdúgbò. Wọ́n lè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, wọ́n lè fi Yorùbá kọ ọ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan náà ló máa ń wà nísàlẹ̀: gbogbo ènìyàn ni a pè. A ti rí i títí ojú wa ò rí i mọ́.

Ní sẹ́mẹ́sítà tó kọjá, wọ́n ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà wa, lórí ìjálá. Wọ́n ní kí àwa mélòó kan tí à ń kọ́ Yorùbá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ náà kò le: kí n kí àlejò, kí n wo káàdì, kí n fi ìjókòó hàn wọ́n. Àwọn tó ní káàdì á lọ síwájú, àwọn tí kò ní á lọ sẹ́yìn. Wọ́n tún fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì kéékèèké tí wọ́n máa fi gba Item 7, ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ Item 7. Èmi gba méjì, ọ̀kan fún ara mi, ọ̀kan fún ẹni tí a jọ ń gbé rúùmù. Kí n má parọ́ fún yín, tíkẹ́ẹ̀tì yìí ló jẹ́ kí n gbà láti wá.

Aago mẹ́wàá ni wọ́n kọ sínú ìwé. Aago mọ́kànlá kọjá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ aago mẹ́wàá gééré ni bàbá kan ti dé. Ó wọ gbérí ọdẹ tó ti ṣá, ó sì mú pósítà wa kan lọ́wọ́, ó ká a sí mẹ́rin.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé ibí ni wọ́n ti fẹ́ sọ̀rọ̀ ìjálá?"

"Ibí ni, sà. Káàdì yín ńkọ́?"

"Káàdì kẹ̀? Ṣé ìbò la fẹ́ dì ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó wá tú bébà náà, ó fi ìka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. "Ọmọ ọmọ mi ló kà á fún mi. Ó ní gbogbo ènìyàn ni wọ́n pè. Èmi náà, ènìyàn ni mí."

Mo mú un lọ sẹ́yìn, lábẹ́ fáànù tí kò ṣiṣẹ́.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ náà, ó sì lé ní wákàtí kan. Mo dúró lẹ́yìn bàbá, mo ń wò ó. Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìjálá gan-an, tí olùbánisọ̀rọ̀ sì ka díẹ̀ ní Yorùbá, bàbá á gbórí sókè, ètè rẹ̀ á máa mì. Tí wọ́n bá padà sí Gẹ̀ẹ́sì, á tún wolẹ̀. Nígbà tó yá, ó yíjú sí mi, ó ní, "Kò parí síbẹ̀ yẹn o." Mo ní, "Kí ló kù, bàbá?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sun ún jẹ́jẹ́. Ẹnì kan níwájú wa bojú wẹ̀yìn, ó pòṣé. Èmi wá ṣe kí ni? Mo fi ìka lé ètè mi, mo ní kí bàbá dákẹ́. Èmi, ọmọ tí wọ́n fi ẹgba kọ́ nílé pé a kì í pa àgbà lẹ́nu mọ́.

Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn béèrè ọ̀rọ̀, bàbá nawọ́. Alága ní àkókò ti lọ, ìbéèrè méjì péré ni òun máa gbà. Iwájú ni méjèèjì ti wá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Item 7. Bàbá kò ní tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì béèrè. Omi ló béèrè lọ́wọ́ mi. Mo nawọ́ sí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn họ́ọ̀lù. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì sì wà lápò mi. Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣeun tí ẹ pè wá." Mo jókòó, mo jẹ ìrẹsì mi. Ìrẹsì náà dùn. Ibi tó burú sí gan-an nìyẹn.

Yorùbá ní orúkọ fún ẹni tí a kò pè tó wá sóde: mo-gbọ́-mo-yà. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, síbẹ̀ ṣé ẹ ti rí òde Yorùbá tí wọ́n ti fi ebi lé mo-gbọ́-mo-yà lọ? Wọ́n á bú u, wọ́n á tún bu oúnjẹ fún un. Ohun tí a ṣe lọ́jọ́ yẹn ju ìyẹn lọ. Ẹni tí a fi ìwé pè la sọ di mo-gbọ́-mo-yà. Bí mo sì ṣe ń rò ó, mo rí i pé mo-gbọ́-mo-yà gidi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo káàdì. Bàbá tìtorí ìjálá wá. Èmi tìtorí ìrẹsì wá.

Nígbà tí mo sọ fún ẹni tí a jọ ń gbé, ó ní mo ń fi ọ̀rọ̀ kékeré da ara mi láàmú. Àlàyé rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Àkọ́kọ́, ó ní ìjókòó níye. Bí gbogbo ìlú bá wá, ibo la fẹ́ kó wọn sí? Ìkejì, ó ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì la sì fi ń ṣe iṣẹ́ yunifásítì. Ìkẹta, ó ní "gbogbo ènìyàn ni a pè" kò ju pé a kò ti ilẹ̀kùn lọ. Bàbá wọlé àbí kò wọlé? Ó wọlé. Irọ́ wo ló wá wà níbẹ̀?

Ìkẹta yìí ló kọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bì mí ṣubú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí a kò tì kò pe ẹnikẹ́ni. Ẹnu ló ń pè. Bí ilẹ̀kùn mi bá ṣí sílẹ̀ tí o sì yà wọlé, mo lè ṣe ọ́ lóore, mo sì lè má ṣe é. Àmọ́ tí mo bá ti pè ọ́ lórúkọ tí o sì jẹ́ mi lóhùn, mo ti jẹ ọ́ ní gbèsè. N kò lè ní "dúró síbẹ̀ yẹn ná" kí n máa bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ṣi èèyàn pè ṣe máa ń tọrọ àforíjì.

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, n kò ní bá a jà lásán. Èmi náà ń kà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí ohun tí à ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ti wá. Ìwé ńlá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kọ lórí ìjálá ní Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1966, ó sì sọ ìjálá di ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń jíròrò lókè òkun. Ẹnu àwọn ọdẹ ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti wá. Tí a bá gba nǹkan lẹ́nu ẹnì kan, tí a wá pe ẹni náà wá gbọ́ ọ ní èdè tí kò gbọ́, tí a tún ní kó dákẹ́ nígbà tó fẹ́ bá wa parí rẹ̀, kí là ń pe ìyẹn?

Síbẹ̀ kì í ṣe èdè nìkan ni. Ẹ wo àwọn tó ti ṣe é ṣáájú wa. Ní Òṣogbo ní 1962, Dúró Ládípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ di ibi eré àti ìpàtẹ àwòrán. Mbari, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ Ígbò tí ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé kan ní Ìbàdàn ti ń jẹ́ láti 1961, wá yí padà lẹ́nu àwọn ará Òṣogbo, ó di Mbari Mbayọ̀: bí mo bá rí i, mà á yọ̀. Àwọn tí wọ́n pè ni wọ́n tún orúkọ ilé náà sọ. Ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968, àwọn ará yunifásítì dá Orí Olókun sílẹ̀ ní Arùbídì, láàárín ìlú, kì í ṣe nínú ọgbà. Ibẹ̀ ni Ọlá Rótìmí ti gbé The Gods Are Not to Blame jáde lọ́dún náà. Gẹ̀ẹ́sì ni eré náà o! Àmọ́ ẹni tó gbé e lọ sáàárín ìlú ti ro ará ìlú mọ́ ọn kó tó bẹ̀rẹ̀. Èyí ló yà wá sọ́tọ̀ sí wọn. Àwa kọ orúkọ àlejò sínú ìwé, a ò rò ó mọ́ ìjókòó, a ò rò ó mọ́ ìbéèrè, a ò sì rò ó mọ́ ìrẹsì.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyí. Gbólóhùn náà kò tíì di irọ́ nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Ẹni tó kọ ọ́ lè ní inú rere. Ẹnu ọ̀nà ló ti di irọ́, èmi ni mo sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó rọrùn láti bú yunifásítì, torí yunifásítì kì í dáni lóhùn. Kò sẹ́ni tó ní kí n má fún bàbá ní tíkẹ́ẹ̀tì kan. Kò sẹ́ni tó ní kí n má jókòó tì í kí n máa túmọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ.

Alẹ́ ewì ẹgbẹ́ wa ń bọ̀ níparí oṣù yìí. Nígbà tí a ń ṣe pósítà rẹ̀, mo ní kí a yọ gbólóhùn yẹn kúrò tí a ò bá lè ṣe é. Ẹnì kan dábàá pé kí a kọ "akẹ́kọ̀ọ́ nìkan", ó ní òtítọ́ nìyẹn. Òtítọ́ ni lóòótọ́, àmọ́ òtítọ́ ahun ni. Ohun tí a wá fẹnu kò sí ni pé kò ní sí káàdì, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa jókòó níwájú, ẹ̀yìn ni a sì ti máa kọ́kọ́ gba ìbéèrè. Ẹni méjì yóò máa túmọ̀ fún ẹni tí kò bá gbọ́, yálà Yorùbá ni kò gbọ́ tàbí Gẹ̀ẹ́sì.

Mo ti wá bàbá náà lọ lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́káníìkì tó wà ní oríta, níbi tí a lẹ pósítà mọ́, ló júwe ilé rẹ̀ fún mi. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, wọ́n ní ó wà lóko. Mo máa padà lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Màá kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni màá pè é síbi alẹ́ ewì wa, tí màá sì ní kó parí ìjálá ọjọ́ yẹn fún mi, torí n kò tíì mọ ohun tó kù níbẹ̀.