Ẹni Tí Ó Ra Alùpùpù Kò Ra Ọ̀nà

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ti mọ ohun tí à ń pè ní agbára lójú ọ̀nà, kí ẹ́ńjìnnì kankan tó dé ilẹ̀ wa. Ẹṣin ni agbára náà nígbà ayé Ọ̀yọ́ Ilé. Àwọn ẹlẹ́ṣin Aláàfin ni ìlú púpọ̀ ń bẹ̀rù. Àwọn àgbà ìgbà náà ni wọ́n sì fi òwe lé wa lọ́wọ́ pé bó pẹ́ bó yá, ẹni tí ó gun ẹṣin, ilẹ̀ ni yóò bọ̀. Ara ẹṣin náà ni a ti rí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó ṣe iyebíye, èyíinì ni ìkóra-ẹni-níjàánu. Irin tí a ń fi sí ẹnu ẹṣin ni ìjánu. Nígbà tí a bá sọ pé ènìyàn kó ara rẹ̀ níjàánu, ohun tí a ń wí ni pé òun fúnra rẹ̀ ni ẹṣin, òun náà sì ni ẹni tí ó gùn ún.

Lónìí, alùpùpù ni ó gba ipò ẹṣin. Èyí tí ìwọ, òǹkàwé mi, mọ̀ jù ni ọ̀kadà, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 100 cc tàbí 125 cc. Ṣùgbọ́n irú mìíràn wà tí sílíńdà rẹ̀ jẹ́ méjì, tí wọ́n ya ẹsẹ̀ síra wọn bí lẹ́tà V, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lè tó 1000 cc. Inú ẹ́ńjìnnì ẹyọ kan bẹ́ẹ̀ gba ohun tí ti ọ̀kadà mẹ́wàá gbà. Kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1948 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe èyí tí a ń pè ní Vincent Black Shadow, ẹlẹ́ńjìnnì 998 cc, tí ó lè sá eré 200 kìlómítà ní wákàtí kan.

Èmi kò wá sọ fún ọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́, tí ó fi òógùn ojú rẹ̀ rà á, kò jalè. Ìró rẹ̀ dùn létí, ara rẹ̀ ń dán, ọgbọ́n àwọn tí ó ṣe é sì yẹ ní yíyìn. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ rò ni èyí: nígbà tí ọkùnrin náà san owó rẹ̀ tán, kí ni ó rà gan-an?

Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ kúrò ní Ọ̀yọ́, ó dorí kọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ́ńjìnnì ń dún bí àrá, inú rẹ̀ sì dùn dé ẹ̀yìn. Ó wọ ìlú, ó kọjú sí Ọjà Igbó, kò sì dín eré kù. Ìyá arúgbó kan ru igbá èlùbọ́, ó fẹ́ sọdá. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Wọn kò wo ọ̀tún, wọn kò wo òsì, nítorí pé ọjà tí wọ́n ti ń ná láti kékeré ni wọ́n wà. Ẹni tí ó ń sá eré 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń kọjá ilẹ̀ mítà 17 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí eré náà bá di 120, ó di mítà 33. Kí ojú tó rí, kí ọkàn tó mọ̀, kí ọwọ́ tó kan bíréèkì, ilẹ̀ yẹn ti lọ. Nígbà tí ọwọ́ bá sì kàn án tán, ìṣirò mìíràn tún wà níbẹ̀: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí bíréèkì nílò láti dá alùpùpù dúró a di ìlọ́po mẹ́rin.

Níhìn-ín ni ẹṣin ti sàn ju alùpùpù lọ. Ẹṣin ní ojú tirẹ̀, ó sì ní ẹ̀rù tirẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú síwájú rẹ̀, ẹṣin a máa yà, àní bí ẹni tí ó gùn ún bá tilẹ̀ ń sùn. Alùpùpù kò ní ojú, kò ní ẹ̀rù, kò sì mọ èlùbọ́ yàtọ̀ sí ènìyàn. Nítorí náà ẹni tí ó rà á ni yóò jẹ́ ojú rẹ̀, òun ni yóò jẹ́ ẹ̀rù rẹ̀, òun náà ni yóò sì jẹ́ ìjánu rẹ̀. Wọn kì í ta nǹkan wọ̀nyí mọ́ ọn ní ṣọ́ọ̀bù.

Gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. T. E. Lawrence, ẹni tí ó di olókìkí nígbà tí ó gbè sẹ́yìn àwọn Lárúbáwá ní Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, fẹ́ràn alùpùpù Brough Superior, ẹlẹ́ńjìnnì V, gidigidi. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1935, ó ń gun ọ̀kan lọ ní ìgbèríko Dorset. Ọ̀nà rọ̀ sílẹ̀ níbì kan, kò sì jẹ́ kí ó tètè rí ọmọkùnrin méjì tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ níwájú. Ó yà fún wọn, ó ṣubú, ó sì fi orí gbálẹ̀. Kò dé àṣíborí. Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn náà ni ó kú, ní ẹni ọdún 46. Hugh Cairns, ọ̀kan nínú àwọn dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀, kò gbàgbé ikú yìí. Ó ṣe ìwádìí lórí bí àwọn tí ń gun alùpùpù ṣe ń fi orí pa, títí ilé iṣẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi pàṣẹ ní ọdún 1941 pé kí àwọn ọmọ ogun tí ń fi alùpùpù jíṣẹ́ máa dé àṣíborí. Kíyè sí i pé Lawrence yà fún àwọn ọmọ náà. Ó mọ̀ pé tiwọn náà ni ọ̀nà.

Ẹlòmíràn lè wí pé, “Ẹ̀mí ara mi ni mo fi ń ṣeré, kí ni ó kan ẹnikẹ́ni?” Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí àwọn kan ní orílẹ̀-èdè wa dé igbá gbígbẹ sórí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí fi ipá mú òfin àṣíborí ṣẹ. Wọ́n rò pé ọlọ́pàá ni wọ́n ń tàn, wọn kò mọ̀ pé agbárí ara wọn ni. Ẹ̀mí ènìyàn kì í sì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ìyá tí ó bí i ní ìpín nínú rẹ̀, àbúrò tí ó ń sanwó ilé-ìwé fún ní ìpín nínú rẹ̀, ẹni tí yóò gbé òkú rẹ̀ kúrò lójú títì náà ní ìpín nínú rẹ̀.

Òfin kò lè ṣe iṣẹ́ yìí tán. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ìrìnnà ní ọdún 2012, tí ó lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀nà 475, ó yọ àwọn alùpùpù ńlá ti 200 cc sókè sílẹ̀. A dá alágbára kékeré lọ́wọ́ kọ́, a sì fi alágbára ńlá sílẹ̀ fún ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀. Ibi tí òfin bá parí sí, ibẹ̀ ni ìwà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ ọmọ ilé-ìwé, ó lè má jẹ́ alùpùpù ni ìwọ yóò rà. Ó lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ ipò, ó lè jẹ́ gègé tí a fi ń bu ọwọ́ lu ìwé. Èyíkéyìí tí ó bá jẹ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí agbára tí ó ju ti aládùúgbò rẹ lọ yóò wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ, tí kò sì ní sí ẹni tí yóò dá ọ dúró. Ní ọjọ́ náà, rántí pé agbára ni o rà, o kò ra ọ̀nà. Bí o bá sì dé Ọjà Igbó, rọra. Jẹ́ kí ìyá elélùbọ́ kọ́kọ́ sọdá.