Hirai Ní Kò Tíì Tó

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ físíìsì ní Ifẹ̀ ní iṣẹ́ ẹnjiníà núkílíà lòun fẹ́ ṣe. Inú mi dùn. Láti 1976 ni ibùdó ìwádìí agbára ti wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, ríákítọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń ṣèwádìí sì ti wà ní Zaria láti 2004. Ìṣirò tó le kò bà mí lẹ́rù nítorí tirẹ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ lẹ́yìn ìdánwò: “Ó ti tó.” Ẹni tó bá gba 70 ti gba A, kò sẹ́ni tó máa bi í nípa 30 tó kù.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ núkílíà kò gba “ó ti tó.” Bí a bá yọ igi kúrò nídìí iná, iná á kú. Ti núkílíà kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pa ríákítọ̀ tán, bí ìdá 7 nínú 100 ooru rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì máa rọlẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ máa tù ú tọ̀sán-tòru. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Mo wá sọ ìtàn Yanosuke Hirai fún un, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Tohoku ní Japan. Nígbà tí wọ́n ń gbèrò ilé iṣẹ́ núkílíà Onagawa létí òkun, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní bí ilẹ̀ rẹ̀ bá ga tó mítà 12, ó ti tó. Hirai ní kò tíì tó. Ó rántí ìgbì òkun tó bo agbègbè náà lọ́dún 869, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kí wọ́n tó bí i. Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kò yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi gbà sí mítà 14.8.

Ti ilé iṣẹ́ núkílíà Fukushima, tí àwọn mìíràn kọ́ sétí òkun kan náà, kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè tó ga tó mítà 35 ni wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n sì gé e wálẹ̀ sí mítà 10. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ní í wó o. Ṣùgbọ́n itọ́ kọ́ ni wọ́n fi mọ ti Fukushima. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló kọ́ ọ, wọ́n kàn dúró níbi tí ìṣirò wọn ti ní ó tó ni.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, ilẹ̀ mì tìtì, ìgbì òkun tí wọ́n ń pè ní tsunami sì ya dé. Ní Fukushima, omi bo àwọn jẹnẹrétọ̀ ìsàlẹ̀ ilé, kò sí iná tó máa fa omi ìtutù mọ́, epo inú ríákítọ̀ mẹ́ta yọ́, èèyàn tó lé ní 100,000 sì filé sílẹ̀. Onagawa ló sún mọ́ orírun ìmìtìtì náà jù. Ilẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ rì ní bíi mítà kan. Omi ga tó mítà 13, kò lè gun orí ilẹ̀ náà.

Hirai ti kú láti 1986. Ọdún 25 lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni òkun wá wọn iṣẹ́ rẹ̀ wò. Àwọn ará Onagawa tí omi ti gbé ilé wọn lọ, wọ́n lé ní 300, sá lọ síbi tí ẹlòmíràn ì bá ti máa sá fún, wọ́n sì sùn sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé iṣẹ́ náà.