Orúkọ Ara Ìgò

Ní ọdún 1910, ní Plymouth, ìlú etíkun kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, E. J. Allen àti E. W. Nelson ń wá oúnjẹ fún ọmọ àwọn ẹ̀dá òkun tí wọ́n ń sìn. Wọ́n ya diatom kan sọ́tọ̀ sínú ìgò, ohun tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ bí ewéko. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ṣe ṣóńṣó lórí àti nídìí. Wọ́n kà á mọ́ Nitzschia closterium.

Èròjà tí diatom náà ń lò nínú ìgò kì í pẹ́ tán. Nítorí náà, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á máa bu díẹ̀ sínú ìgò tuntun lóòrèkóòrè, á sì da orúkọ ara ìgò àtijọ́ kọ sára tuntun. Ọdún ń gorí ọdún, diatom náà ń bí sí i, àwọn onímọ̀ sì ń fi orúkọ yẹn kọ ìwé ìwádìí.

Ní 1946, D. P. Wilson ròyìn pé àwọn kan nínú rẹ̀ yapá mẹ́ta. Síbẹ̀, orúkọ àtijọ́ ló ṣì fi pè wọ́n. Ó di 1954 kí N. I. Hendey tó sọ pé ẹ̀dá mìíràn, Phaeodactylum tricornutum, ni, èyí tí Bohlin ti sọ lórúkọ láti 1897. Ní 1958, Joyce Lewin tún un yẹ̀ wò, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kò kéré: ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn diatom yòókù kò lè ṣe láìsí silica, èròjà tí a fi ń ṣe gíláàsì, ṣùgbọ́n èyí lè dàgbà láìsí i. Ẹni tó bá ti ara diatom inú ìgò yìí ṣèdájọ́ Nitzschia, ẹlòmíràn ló dá lẹ́jọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Plymouth ju ogójì ọdún lọ, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó purọ́. Iṣẹ́ wọn mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú kì í tún àṣìṣe ṣe. Bó ṣe ń dá ẹ̀mí ohun inú ìgò sí ló ń dá ti àṣìṣe ara ìgò sí.

Ẹni tó bá jogún ìwé ilẹ̀, fáìlì aláìsàn tàbí àpò irúgbìn, kó tú u wò kó tó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bó bá rí ohun tí kò bá orúkọ náà mu, kó má fipá rọ́ ọ sábẹ́ orúkọ náà. Orúkọ gan-an ni kó kọ́kọ́ fura sí.